Àpótí Ohùn Ẹ̀bùnlọlá

Ẹni tó bá sọ fún yín pé kọ̀ǹpútà kì í gbọ́ràn, ẹ bá mi bi í bó ṣe ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀bùnlọlá kò bá tiẹ̀ jà rí. Ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé Àǹtí Dorothy, lẹ́nu kílóòsì kan tó ṣẹ́ kúrò lára Second Avenue ní Festac, òun ló máa ń ṣí ojú dúdú tí wọ́n ti ń pàṣẹ yẹn sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, tí á tẹ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan, tí á tẹ Ẹ́ńtà, tí iṣẹ́ á sì di ṣíṣe. Kò sí “ẹ jọ̀ọ́,” kò sí “ta ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn.” Ohun tó bá tẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń ṣe, kò sì bi í pé kí ló ṣe ohùn rẹ̀.

Nítorí pé àwọn èèyàn ń bi í. Ohùn Ẹ̀bùn há. Kì í ṣe híhá ti ọ̀fìnkìn o; ó há pátápátá, ó ń dún bí ẹni ń wọ́ àga lórí sìmẹ́ńtì. Bó bá gbé fóònù ṣọ́ọ̀bù, àwọn oníbàárà a ní, “Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o.” Òun náà a ní, “Ẹ ṣé, a dúpẹ́.” Ó ti sú u láti máa ṣàlàyé pé obìnrin lòun. Àǹtí Dorothy fúnra rẹ̀, tó gbà á síṣẹ́ lọ́dún tó kọjá, rò pé bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Obìnrin Òǹdó tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ ni Àǹtí Dorothy, a sì máa fi ohùn náà ṣe yẹ̀yẹ́: “Ẹ̀bùn, tó o bá ń gbàdúrà, ṣé Ọlọ́run ò ní ní kó o tún un sọ?” Ẹ̀bùn á rẹ́rìn-ín, á sì kọjú sí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí Àǹtí Dorothy ò mọ̀ fún yín. Ọdún 2007 ni mò ń sọ yìí. Ní nǹkan bí ọdún méjì ṣáájú, nínú ìjọ kan ní Satellite Town, Ẹ̀bùnlọlá ni wọ́n ń gbé máìkì lé lọ́wọ́ tí ìsìn bá tutù. Ohùn yẹn mọ́ gaara! Ó ń gòkè láìfipá gòkè, àwọn tó ń tòògbé lẹ́yìn a jí, wọ́n a máa wo ara wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ àwọn orin náà. Àfi bí gẹ̀gẹ̀ ṣe yọ lọ́rùn rẹ̀. Dókítà ò tàn án jẹ: iṣan tó ń mú ohùn dún gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n fẹ́ gé kọjá, ohunkóhun ló lè ṣẹlẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó wọ ilé ìwòsàn, òun àti Clement, ẹni tó ń tẹ dùùrù fún wọn nínú ìjọ, ti ara wọn mọ́ yàrá kan, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì dí fèrèsé, wọ́n sì gba gbogbo orin rẹ̀ sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ abẹ lọ déédéé. Gẹ̀gẹ̀ lọ, ara yá, ọpẹ́ ni f’Ọ́lọ́run. Ohùn náà bá gẹ̀gẹ̀ lọ.

Ó dùn ún dọ́kàn, kí n má parọ́. Kò lọ sí ìjọ náà mọ́. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo òun pẹ̀lú àánú. Clement nìkan ni kò jẹ́ kó sá fún òun. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni Clement ń ṣe, ó ń bá àwọn èèyàn tún un ṣe láti Agboju títí dé Mile 2, ó sì sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, “Ẹ̀bùn, wá kọ́ iṣẹ́ yìí. Ibì kan wà tí wọn kì í bèèrè ohùn lọ́wọ́ èèyàn.” Bó ṣe di ọ̀gá ojú dúdú nìyẹn.

Clement náà ló bá a fi àwọn orin náà sínú àpótí nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ Àǹtí Dorothy. Àpótí wo? Ẹ fara balẹ̀, kò le. Dísìkì kan ṣoṣo ló wà nínú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù, gbogbo ayé ló sì ń da ẹrù sí i. Clement wá dá fáìlì ńlá kan sínú dísìkì yẹn, ó pè é ní apoti.img, ó sì kọ́ Ẹ̀bùn ní àṣẹ kan, losetup, tí wọ́n fi ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé, “Fáìlì yìí, má pè é ní fáìlì mọ́, dísìkì ni.” Kọ̀ǹpútà á gbà bẹ́ẹ̀, á fún un lórúkọ, loop0, á sì dì í mú. Àṣẹ kejì, mount, á wá ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fi pákó gé yàrá kan sí méjì ní Festac náà ni. Ẹni tó wà lẹ́yìn pákó ní ilẹ̀kùn tiẹ̀, ó ní kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀, bẹ́ẹ̀ inú yàrá kan náà ni gbogbo wọn wà.

Àràárọ̀ ni Ẹ̀bùn ń so àpótí yìí mọ́ kọ̀ǹpútà. Á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bàjẹ́ níbì kan, á ṣílẹ̀kùn, á wo orúkọ àwọn orin náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tán. Kò gbọ́ ọ̀kankan rí. Láti ọjọ́ tó ti ti ilé ìwòsàn dé, kò tíì gbọ́ ohùn ara rẹ̀ àtijọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀rù ń bà á. Àti pé ẹ̀dà kan ṣoṣo yẹn ló kù láyé, nítorí pé iná tó ya wọlé lágbára jù ti sun kọ̀ǹpútà Clement mọ́ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Clement bẹ̀ ẹ́, bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí àwọn ṣe ẹ̀dà mìíràn. “Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀,” ni Ẹ̀bùn máa ń wí. Ẹ̀yin náà ẹ má bi mí. Ohun tó bá ń dun èèyàn, ọwọ́ kì í yá a láti gbé e kiri.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni ọ̀rọ̀ dé. Ọ̀gbẹ́ni Adébánjí, oníbàárà kan láti Agboju, ti dúró ti tábìlì, ó fẹ́ gba ìwé ètò ìsìn ìdúpẹ́ ọgọ́rin ọdún ìyá rẹ̀, ó sì ń wo aago bí ẹni tí wọ́n jí ní nǹkan. Pépà ti ń tán lọ. Ẹ̀bùn sáré sọdá lọ ra pépà. Àsìkò yẹn gan-an ni pírńtà yarí. Ọ̀rọ̀ kan yọ lójú kọ̀ǹpútà pé àyè ti tán lórí dísìkì.

Àǹtí Dorothy ò fi ṣe ìjà. Ẹ̀bùn ti kọ́ ọ ní àṣẹ díẹ̀ níbi ojú dúdú: df tí wọ́n fi ń wo àyè, rm tí wọ́n fi ń pa nǹkan rẹ́. Ó wò ó. Ó rí fáìlì ràbàtà kan, apoti.img. Ó tún wo ìsàlẹ̀, ó rí dísìkì kan, loop0, tí ó tóbi bákan náà. Ó ṣílẹ̀kùn dísìkì yẹn, orúkọ orin ló kún inú rẹ̀. Ó wá rò ó, ó sì dá a lójú pé ohun kan náà ni Ẹ̀bùn tọ́jú sí ibi méjì. “Ọmọ yìí náà!” ló wí. “Kí lèèyàn ń fi méjì ṣe nínú ilé tí kò gba ọ̀kan?” Kò fẹ́ ṣe é níkà o. Ó fi èyí tó ń jẹ́ loop0 sílẹ̀ fún un, ó ní kó máa lo ìyẹn. Ó pa apoti.img rẹ́.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ó tún tẹ df. Àyè ò yọ! Ó pa ẹrù ńlá rẹ́, àyè ò sì yọ rárá. Nígbà tí nǹkan bá yarí fún wa ní ìlú yìí, kí la máa ń ṣe? Ẹ má tijú, gbogbo wa là ń ṣe é. A ó pa á, a ó tún un tàn.

Ẹnu ọ̀nà ni Ẹ̀bùn ti ń gbọ́ Àǹtí Dorothy tó ń sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Adébánjí pé, “Ẹ má bínú, sà. Mo ti pa àpótí Ẹ̀bùn kan rẹ́, ó ṣì ní kò sáyè. Ẹ jẹ́ n pa kọ̀ǹpútà yìí kó sinmi díẹ̀.” Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ti nawọ́ sí súwíìṣì yúpíẹ́sì, bátìrì tó ń gbé iná fún kọ̀ǹpútà, lábẹ́ tábìlì.

Ẹ̀bùn da pépà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó la ẹnu pé kó kígbe, “Àǹtí, ẹ má pa á!” Ẹnu là, kò sí ohun tó jáde ju afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ gbọ́, tó bá jẹ́ ohùn àtijọ́ ni, wọn ì bá gbọ́ ọ dé First Gate. Ọwọ́ Àǹtí Dorothy ti dé súwíìṣì. Ni Ẹ̀bùn bá bọ́ sálúbàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó jù ú sí i. Gbàá! Ó ba ògiri lókè orí Àǹtí Dorothy, ó sì bọ́ lé e léjìká.

 Àǹtí Dorothy na ara rẹ̀ dúró díẹ̀díẹ̀.

“Ẹ̀bùn,” ló wí. “Èmi? Èmi Dorothy lo ń ju sálúbàtà lù?”

“Ayé ti bàjẹ́ o,” ni Ọ̀gbẹ́ni Adébánjí wí.

Ẹ̀bùn ò dúró gbọ́ ọ. Orí ìkúnlẹ̀ ló ti rìn dé abẹ́ tábìlì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo súwíìṣì náà, omi ti lé lójú rẹ̀. “Ẹ dárí jì mí, Àǹtí mi. Ẹ lù mí tẹ́ ẹ bá fẹ́. Àmọ́ ẹ má pa kọ̀ǹpútà yìí. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín.”

Àǹtí Dorothy fẹ́ bínú, àmọ́ ojú tó rí yẹn kò gba ìbínú. “Dìde,” ló wí. “Kí ló dé?”

Ẹ̀bùn dìde, ó jókòó sídìí kíbọ́ọ̀dù. Ó tẹ losetup -a. Loop0 ṣì wà níbẹ̀. Ó wo inú rẹ̀, gbogbo orúkọ orin pé pérépéré. Ó tẹ df, ó rí i pé àyè ò yọ lóòótọ́, ó sì mí kanlẹ̀. Ohun tó ń bí Àǹtí Dorothy nínú gan-an ni ìròyìn ayọ̀. Bí àyè ò bá tíì yọ, a jẹ́ pé ẹrù kò tíì lọ.

“Àǹtí, ohun tẹ́ ẹ pa rẹ́ yẹn, orúkọ rẹ̀ lẹ yọ,” ló wí. “Tí wọ́n bá yọ nọ́ńbà ilé kúrò lára ògiri, ṣé wọ́n ti lé àyálégbé jáde ni?”

“Wọn ò tíì lé e.”

“Àyálégbé ṣì wà nínú ilé. Kọ̀ǹpútà ṣì dì í mú, nítorí pé mo so ó láàárọ̀. Ṣùgbọ́n tí kọ̀ǹpútà bá fi lè kú báyìí, kò tún ní mọ ilé náà mọ́. Ó tán nìyẹn. Kò sí méjì, Àǹtí. Ọ̀kan náà ni.”

Àǹtí Dorothy fọwọ́ lé àyà. “Kí ló wà nínú rẹ̀ gan-an?”

Ẹ̀bùn tẹ ẹnu mọ́ ọn létí, kí oníbàárà má bàa gbọ́. “Ohùn mi ni.”

“Ohùn rẹ bí i ti báwo?”

Ẹ̀bùn wá sọ fún un. Kò pẹ́ rárá. Ìjọ, orin, gẹ̀gẹ̀, yàrá tí wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì dí. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ojú Àǹtí Dorothy ń yí padà, gbogbo yẹ̀yẹ́ tó ti fi ohùn yẹn ṣe ń padà wá bá a lọ́kọ̀ọ̀kan. “Yéè! Mo gbé!” ló wí. “Ọmọ ọlọ́mọ! Ẹ̀bùn, kí ló dé tó ò sọ fún mi?” Ó wo kọ̀ǹpútà, ó wo gílóòbù tó ń tàn lókè. “Ẹ̀jẹ̀ Jésù. Tí wọ́n bá wá mú iná ńkọ́?”

Ẹ ò rí ẹnu Àǹtí Dorothy! Kò tíì pa á dé tí wọ́n fi mú iná.

Fáànù rọ. Yúpíẹ́sì tó wà lábẹ́ tábìlì, tí bátìrì rẹ̀ ti gbó, bẹ̀rẹ̀ sí í ké: píì, píì. Kọ̀ǹpútà ò kú, àmọ́ gbogbo ẹni tó bá ń gbé Èkó mọ̀ pé yúpíẹ́sì tó bá ń ké ò lọ́jọ́ lórí mọ́. Jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù sì wà lọ́dọ̀ Bọ̀dá Fáṣínà tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní ìparí kílóòsì. Wọ́n ti tú u palẹ̀ láti àná.

Àǹtí Dorothy da báàgì rẹ̀ sórí tábìlì, ó ṣa fúláàṣì kan jáde, ó jù ú sí Ẹ̀bùn. “Kó wọn síbẹ̀! Mò ń lọ bá Fáṣínà!”

“Iṣẹ́ yín wà nínú rẹ̀, Àǹtí.”

“Pa á rẹ́! Ṣebí pípa rẹ́ ni mo mọ̀ ọ́n ṣe!” Ó ti dé títì kó tó sọ ọ́ tán, òun Dorothy tí kì í yára rìn, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó ń sáré.

Ẹ̀bùn ki fúláàṣì bọ kọ̀ǹpútà, ó pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Fúláàṣì kékeré ni, kò lè gba gbogbo ohun tó wà nínú àpótí. Orin kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, títí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní láti yàn. Ó pinnu pé èyí tó gbẹ̀yìn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni òun á kọ́kọ́ gbé. Orin wo ló máa ṣáájú? Kò tilẹ̀ rò ó. “Má Pa Fìtílà Mi” ni, èyí tó kọ ní ọ̀sẹ̀ tó fẹ́ wọ ilé ìwòsàn. Ó tẹ cp, àṣẹ tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀dà, ó tẹ orúkọ rẹ̀, ó tẹ Ẹ́ńtà.

“Sà,” ló sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Adébánjí, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi fóònù mi pe nọ́ńbà kan. Clement lorúkọ rẹ̀. Tí n bá pè é, ariwo yìí ò ní jẹ́ kó gbọ́ mi.”

Ọkùnrin tó ti ń wo aago láti ìjọ́sí gbé fóònù. Kí ló lè ṣe? “Hẹ̀lóò, Ọ̀gbẹ́ni Clement? Ẹ ò mọ̀ mí. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé… ẹ dúró ná… wọ́n ti yọ nọ́ńbà ilé, àyálégbé ò tíì jáde.” Ó tẹ́tí. “Ó ní kí lẹ wí?”

“Ẹ sọ fún un pé wọ́n ti pa apoti.img rẹ́, àmọ́ loop0 ṣì dì í mú. Kó mú dísìkì ńlá wá.”

Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́ èsì, ojú rẹ̀ là. “Ó ti gun ọ̀kadà láti Mile 2, ó ní kẹ́ ẹ má jẹ́ kó kú o. Ó ń pariwo gan-an.”

Yúpíẹ́sì náà ti ń yára ké sí i, ó ti di pípípípí. Ẹ̀bùn wo kiri. Kí ló ń mu iná jù níbẹ̀? Mọ́nítọ̀ ni, mọ́nítọ̀ ràgàjì ayé àtijọ́ yẹn. Ó nawọ́, ó pa á. Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn bìrì, àmọ́ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ṣì ń hùn. Ó wá ń tẹ àṣẹ láìríran. Gbogbo orúkọ wọ̀nyẹn tó ń wò ní àràárọ̀ láìgbọ́ wọn, ó ti há wọn sórí láìmọ̀. Cp, orúkọ, Ẹ́ńtà. Cp, orúkọ, Ẹ́ńtà. Ó ń wo iná kékeré ara fúláàṣì tó ń ṣẹ́jú, bó bá ti ń ṣẹ́jú ó mọ̀ pé ẹrù ń wọlé. Ọ̀gbẹ́ni Adébánjí ò wo aago mọ́. Ó ti kúnlẹ̀ ti yúpíẹ́sì, ó ń gbàdúrà sí i létí, mo rò pé àdúrà ni.

Ìgbà yẹn ni Bọ̀dá Fáṣínà já wọlé, ọkùnrin Ìkirè tó tẹ́ẹ́rẹ́, wáyà pupa gígùn lọ́wọ́ rẹ̀, Àǹtí Dorothy lẹ́yìn rẹ̀ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀ ló gbé wá sẹ́nu ọ̀nà, ó sì ti tan án. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó tọpa ariwo yẹn lọ sábẹ́ tábìlì, ó fa wáyà yúpíẹ́sì yọ lára ògiri, ó tì í bọ wáyà pupa. Yúpíẹ́sì dákẹ́ ẹkún.

“Ẹ yin Olúwa!” ni Àǹtí Dorothy wí, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà. “Ẹsẹ̀ mi o. Fáṣínà, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí wọ́n tú tìrẹ náà palẹ̀.”

“Àmín,” ni Bọ̀dá Fáṣínà wí. “Kí la tilẹ̀ ń gbà là?”

Kò sẹ́ni tó tíì dá a lóhùn tí Clement fi dé, eruku ọ̀kadà bo irun rẹ̀, dísìkì kan nínú ọ̀rá lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà láti ìta láìpa nǹkan kan. Wọ́n tan mọ́nítọ̀. Ẹ̀bùn gbé gbogbo rẹ̀, èyí tó dára àtèyí tí kò dára, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Nígbà tó parí, Àǹtí Dorothy ní, “Ó yá, tú àpótí náà sílẹ̀ kí n bá bàbá yìí tẹ̀wé rẹ̀, wọ́n ti ṣe sùúrù.”

“Rárá o,” ni Clement wí. “Ẹ̀dà tá ò tíì gbọ́, kì í ṣe ẹ̀dà. Ẹ̀bùn, tàn án.”

Ẹ̀bùn kọjú sí Clement. “Ìwọ gbọ́ ọ.”

“Èmi ò mọ ibi tó o ti mí, tí n bá gbọ́ ibi tó gé, mi ò ní mọ̀ bóyá ó bàjẹ́ ni. Ìwọ lo kọ ọ́.”

 Ẹ̀bùn wo Clement pẹ̀lú ìbínú, torí ó mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ó tẹ orúkọ “Má Pa Fìtílà Mi.” Ìka rẹ̀ dúró lórí Ẹ́ńtà fún ìgbà díẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́.

Dùùrù ló kọ́kọ́ dún. Ohùn náà sì wọlé, ó mọ́, kò kánjú:

“Bí ilẹ̀ bá ṣú, má pa fìtílà mi,
Epo kékeré tó kù, ìwọ lo rọ ọ́.”

Àǹtí Dorothy gbé orí sókè láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Bọ̀dá Fáṣínà jẹ́ kí ẹ̀mú ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà, gírígírí, síbẹ̀ ohùn náà ń gba orí ariwo yẹn kọjá. Ẹ̀bùn di ojú. Ó ti rò pé bí òun bá gbọ́ ọ, òun á kú. Kò kú. Ohun tó ṣe é ni pé ó ń fetí sí i bí olùkọ́, ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, “Ibí yìí dára. Ibí yìí, ó fà á jù. Ibí yìí ni mo ti mí, kò gé.” Inú rẹ̀ dùn. Bẹ́ẹ̀ ni, inú rẹ̀ dùn gidi, ó sì yà á lẹ́nu.

Nígbà tí ègbè dé, ẹnu rẹ̀ là fúnra rẹ̀. Ariwo jẹnẹrétọ̀ bò ó mọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó lè gbọ́, ìyẹn ló fún un láyà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ nísàlẹ̀, nísàlẹ̀ pátápátá, pẹ̀lú ohùn tó ní lónìí. Ó há, ó ń dún ṣákaṣàka, àmọ́ ó bọ́ sábẹ́ ohùn òkè náà bí òpó, ó sì gbé e dúró. Láti ọdún méjì yìí, kò kọrin rí, kódà nínú balùwẹ̀.

Lójijì, gílóòbù tàn. Gbogbo kílóòsì pariwo, “Ọ́ọ̀pù NẸ́PÀ!” Bọ̀dá Fáṣínà, ẹni tí kì í fi epo ṣòfò, dá wáyà yúpíẹ́sì padà sára ògiri, ó jáde, ó sì pa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀.

Ìdákẹ́jẹ́ bolẹ̀ gbì. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ohùn Ẹ̀bùn ti ìsàlẹ̀ hàn gbangba, kò sí ibi tó lè sá sí mọ́. Clement ń wò ó. Ọ̀gbẹ́ni Adébánjí ti di ojú, ó dorí kodò. Àǹtí Dorothy fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu ara rẹ̀, obìnrin yẹn tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ẹ̀bùn mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́ òun. Ó mí, ó sì ń kọ ọ́ lọ. Ó kọ ọ́ dé ìparí, ègbè kejì, ègbè kẹta, títí dùùrù fi dákẹ́.

Ọ̀gbẹ́ni Adébánjí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún, kò sì tètè wọ̀ ọ́ padà. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n kọ orin yẹn fún ìyá òun níbi ìsìn ìdúpẹ́, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ yìí gan-an, òkè àti ìsàlẹ̀.

“Ta ni obìnrin tó kọ ti òkè yẹn?” ló bi wọ́n. “Ibo lèèyàn ti lè rí i?”

“Èmi ni,” ni Ẹ̀bùnlọlá wí.

Ó wò ó dáadáa. “Ta ló wá kọ ti ìsàlẹ̀?”

“Èmi náà ni, sà.”